Alẹ́ Mẹ́ta ní Hòtẹ́ẹ̀lì Ìlú Kékeré

Bí ọdún Ifá bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀ báyìí, fóònù mi kì í sinmi mọ́. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: "Bàbá, níbo ni ká wọ̀ sí?" Ará Èkó ń bi mí, àwọn ọmọ wa tó wà ní Ìlú Ọba ń bi mí. Ìyá olórìṣà kan ní Abẹ́òkúta pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní àwọn ò lè sùn sórí ẹní nílé onílé mọ́ nítorí eékún tó ń dun àwọn, ṣé hòtẹ́ẹ̀lì tí mo sùn sí lọ́dún tó kọjá dáa? Mo ní ó dáa, kò sì dáa. Wọ́n ní irú èsì wo nìyẹn lẹ́nu awo? Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe bá a gan-an, n ò bu iyọ̀ sí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń lọ mọ̀ pé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ni Ọdún Ifá Àgbáyé máa ń bọ́ sí ní Òkè Ìtasẹ̀, ní Ilé-Ifẹ̀. Ní 2005, UNESCO kéde Ifá mọ́ àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé pàtàkì tí gbogbo aráyé ní, àwọn àlejò láti Brazil, Kúbà àti Amẹ́ríkà sì ń bá wa pé síbẹ̀. Ohun ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ọdún bá ti ku ọ̀sẹ̀ méjì, yàrá ti ń tán ní Ifẹ̀ nìyẹn, èyí tó bá sì ṣẹ́kù, owó rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ àgbàlagbà tí ọmọ ń bọ́. Àwa tí ọwọ́ wa ò tó o, ojú ọ̀nà Ìbàdàn là ń forí lé, sí àwọn ìlú bíi Ìpetumodù tí a mọ̀ mọ́ ìkòkò mímọ, Ẹdúnàbọ̀n, Mọ́rò àti Yákóyó. Ẹ gbọ́ orúkọ Yákóyó yẹn dáadáa: yà, kí o yó. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ ohun tó ń wí. Lójú ọ̀nà yìí kan náà ni èrò ti ń yà sílé onílé jẹun kí mọ́tò tó dé. Lónìí, pátákó hòtẹ́ẹ̀lì ló ń pe èrò.

Ìlú tí mo wọ̀ sí nínú wọn, n ò ní dárúkọ rẹ̀, n ò sì ní dárúkọ hòtẹ́ẹ̀lì náà, torí kì í ṣe ẹjọ́ ni mo wá rò. Motel ni wọ́n kọ sára pátákó wọn. California ní Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ yẹn ti bẹ̀rẹ̀ ní 1925, ní ìlú San Luis Obispo: wọ́n so mọ́tò àti hòtẹ́ẹ̀lì pọ̀, kí awakọ̀ lè gbé ọkọ̀ sí ẹnu ilẹ̀kùn yàrá tó sùn. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó wù ú ń kọ motel, ẹni tó wù ú ń kọ guest house, ẹni tó ní yàrá mẹ́jọ péré á sì kọ International sí i.

₦9,000 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi lálẹ́ kan. Ọmọkùnrin tó jókòó síbi ìgbàlejò gbé ìwé ńlá kan síwájú mi: orúkọ, ibi tí mo ti ń bọ̀, ibi tí mò ń lọ, iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mo kọ "Babaláwo" síbẹ̀. Ó wo ìwé, ó wo ojú mi, kò sọ nǹkan kan. Mo bi í nípa iná, ó ní iná wà ní wákàtí mẹ́rìnlélógún. Iná wà lóòótọ́, nínú wáyà. Jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ń tàn láti aago méje sí mọ́kànlá alẹ́, tí wọ́n bá ti pa á, ooru àti ẹ̀fọn á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Omi inú ẹ̀rọ ò yọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń pọn ọ́n wá, omi náà sì mọ́, mi ò ní purọ́. Bẹ́ẹ̀dì kò jìn kòtò. Kọ́kọ́rọ́ ń ṣiṣẹ́. Ilé ìwẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi àti àwọn ará yàrá mẹ́ta mìíràn la jọ ń lò ó, wọ́n sì ń fọ̀ ọ́ láràárọ̀. Fún ẹni tó ti sùn sí pálọ̀ tí èèyàn mẹ́rìndínlógún ti ń hanrun, ilẹ̀kùn kan tí mo lè tì mọ́ ara mi tó ₦9,000.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà fún irú wa ni ibi tí a máa gbé Ifá sí.

Ifá kékeré tí mo máa ń gbé rìnrìn àjò, inú àpò aláwọ ló wà. N kì í gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì tí n ò mọ ẹni tó sùn síbẹ̀ lánàá, n kì í sì í gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lásán. Aṣọ funfun mẹ́ta ni mo máa ń kó dání: ọ̀kan fún bẹ́ẹ̀dì, ọ̀kan fún ìbora, ọ̀kan fún orí tábìlì. Mo ń tẹ́ ti orí tábìlì lọ́wọ́ ni mo ṣí dúrọ́ọ̀ rẹ̀, mo bá Bíbélì níbẹ̀. Ẹgbẹ́ Gideons ló ń fi í síbẹ̀. Mo ti ka ìtàn wọn rí. Ní 1898, ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Boscobel, ní Wisconsin l'Amẹ́ríkà, hòtẹ́ẹ̀lì kún, wọ́n wá kó oníṣòwò arìnrìn-àjò méjì tí kò mọra wọn rí sínú yàrá kan. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó sì di 1908 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi Bíbélì sí yàrá hòtẹ́ẹ̀lì. Mo fi tiwọn sílẹ̀ níbi tí mo bá a, mo gbé tèmi sórí tábìlì. Ẹni tó ni ilé kò rí ohun tó burú nínú ìwé ẹ̀sìn ẹlòmíì nínú yàrá rẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sọ́kàn ná.

Ọ̀sẹ̀ Ifá bọ́ sí ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀. Ìdájí ni mo dìde. Omi tútù, obì, ọtí díẹ̀. N ò gbé ohùn sókè, torí ọmọ ọwọ́ wà ní yàrá tó tẹ̀lé tèmi. Obì yàn. Mo fi díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn lóde fún Èṣù, mo ta omi sí i, mo wá gba ilé ìwẹ̀ lọ. Ẹnu ìwẹ̀ ni mo wà tí mo gbọ́ tí ọmọbìnrin tó ń tọ́jú yàrá ké "Jésù!" lẹ́ẹ̀mẹta, tí bọ́kẹ́ẹ̀tì sì ń dún gbọn-in gbọn-in lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Kí n tó wọṣọ tán, obìnrin tó ń bójú tó ibẹ̀ ti dé pẹ̀lú ọlọ́dẹ. "Bàbá, ẹ má bínú o, ẹ bá mi kó ẹrù yín. A kì í gba irú nǹkan báyìí níbí."

Mo ní, "Màdáámù, ẹ káàárọ̀. Ẹ jẹ́ ká jọ ka ìwé òfin tí ẹ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn." A kà á. Má se oúnjẹ nínú yàrá. Má mu sìgá. Aago méjìlá ọ̀sán ni kí o kúrò. Ohun ìní tó bá sọnù kò kan ilé iṣẹ́ yìí. Mo ní, "Ẹ fi obì hàn mí níbẹ̀." Mo tún bi wọ́n bóyá wọ́n gbọ́ àwọn ará yàrá kẹrin tó gbàdúrà di aago méjì òru tí ògiri ń mì. Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu wọn, wọ́n gbé e mì.

Ìgbà náà ni wọ́n wá sọ ohun tó wà nínú wọn. Wọ́n ní àwọn ò kórìíra ẹnikẹ́ni, bàbá tó bí bàbá àwọn gan-an, Ògún ló ń bọ. Àwọn ọmọ yahoo ló dá ẹ̀rù sí àwọn lára. Wọ́n ní àwọn kan gba yàrá fún ọjọ́ méjì, nígbà tí wọ́n lọ, igbá àti aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀ ni wọ́n bá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọlọ́pàá dé. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ ní àgọ́, owó sì lọ síbẹ̀. Wọ́n ní, "Bàbá, tí ọmọ yẹn bá lọ sọ níta pé òun rí oògùn ní yàrá, ta ló máa sùn síbí mọ́?"

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀rù obìnrin yẹn tọ́. Bó bá jẹ́ èmi ni mo ni ilé, èmi náà á béèrè. Ohun tí n ò gbà ni pé wọ́n ní kí n tú àpò. Mo ní ohun tó wà nínú àpò yìí, ojú awo ló ń rí i, ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ yín rí tó fi ké, ẹ wá wò ó. Mo gbé awẹ́ obì kan jẹ lójú wọn, mo mu nínú omi náà. Mo fi ìyẹ̀ròsùn hàn wọ́n, mo ní ìyẹ̀fun igi ni. Wọ́n dúró fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ bá mi gbá a mọ́, Bàbá, ẹ má fi nǹkan kan sẹ́nu ọ̀nà mọ́." Mo gbà. Ìdí igi máńgòrò lẹ́yìn ọgbà ni mo lò lẹ́yìn náà, wọ́n sì rí mi níbẹ̀, wọn ò sọ nǹkan kan. Ọmọbìnrin yẹn ò wọ yàrá mi mọ́ títí mo fi lọ. Á gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi sílẹ̀, á kan ilẹ̀kùn, á sáré. Ìgbálẹ̀ wọn ni mo fi ń gbálẹ̀ yàrá tí mo sanwó fún.

Àwọn tó ń pe ara wọn ní babaláwo lórí fóònù, tí wọ́n ń polówó oògùn owó pẹ̀lú owó dọ́là lórí ẹní, àwọn ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. Bí ẹ bá mọ ọ̀kan nínú wọn, ẹ bá wa sọ fún un.

Ẹlòmíì á ní, kí ló dé tí Bàbá ò wọ̀ sílé awo ní Ifẹ̀ bí a ti ń ṣe látijọ́? Ilé awo kan náà ni mo ti ń wọ̀ sí fún ọdún mẹ́tàlá. Ọ̀rẹ́ mi ni onílé, kò lé àlejò rí. Aago mẹ́rin ìdájí ni ìyàwó rẹ̀ ń dìde gbé omi iyán kaná. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, lẹ́yìn tí gbogbo wa ti dágbére, ọmọ wọn ló ṣèèṣì sọ fún mi pé gbèsè iṣu àti ẹran ọdún yẹn, oṣù kẹwàá ni wọ́n tó san án tán. Onílé ò ní sọ fún ẹ láéláé. Á ní ẹ kú ọdún, ẹ tún wá lẹ́míì-ín. Bí n ò bá wọ̀ sí hòtẹ́ẹ̀lì, ẹrù tèmi náà á wà lórí obìnrin yẹn.

Ṣùgbọ́n hòtẹ́ẹ̀lì gba nǹkan lọ́wọ́ mi tí owó ò lè rà. Nílé awo, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, nígbà tí ọmọdé bá ti sùn, ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rẹ̀. Àgbà awo kan á dá ẹsẹ̀ kan, awo Ọ̀yọ́ á ní bí àwọn ṣe ń kì í kọ́ nìyẹn, awo Èkìtì á tún mú tiẹ̀ wá. Ibẹ̀ ni èmi ti kọ́ púpọ̀ nínú ohun tí mo mọ̀. Ní hòtẹ́ẹ̀lì, aago mẹ́wàá ni ọlọ́dẹ ń ti géètì. Ọmọ awo méjì tí mo kó dání lọ́dún tó kọjá, fóònù ni wọ́n ń tẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì títí jẹnẹrétọ̀ fi kú.

Ẹni tó bá máa lọ, kó béèrè nǹkan díẹ̀ kó tó sanwó. Ẹ wo ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà. Bó bá wà lábẹ́ fèrèsé yín, ẹ gba yàrá mìíràn, èéfín rẹ̀ kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń fi yàrá háyà fún wákàtí méjì. Bí wọ́n bá ń ṣe é, ẹ má kó ọmọ lọ síbẹ̀, gbogbo òru ni ilẹ̀kùn á máa dún, mo fi í síbẹ̀. Ní ti oúnjẹ, ìyá olóúnjẹ wọn mọ ọbẹ̀ ẹ̀gúsí se, ṣùgbọ́n kò mọ èèwọ̀ yín. Ẹ béèrè ohun tó wà nínú ìkòkò kí ẹ tó bu òkèlè. Ẹ̀yin ọlọ́bàtálá, agbo ẹlẹ́mu wà lábẹ́ ibòòji níwájú ibẹ̀, ẹ gba ẹ̀yìn wọlé.

Lọ́dún yìí, àwa mẹ́fà la máa gba yàrá mẹ́ta ní hòtẹ́ẹ̀lì kan náà. Mo ti bá obìnrin yẹn sọ ọ́, mo sọ ọjọ́ tí ọ̀sẹ̀ máa bọ́ sí fún wọn ṣáájú, wọ́n ní kò burú, kí n ṣáà lo ìdí máńgòrò. Àwọn ọmọ awo á sùn nílé ọ̀rẹ́ mi ní Ifẹ̀ kí wọ́n lè jókòó ti àwọn àgbà lóru. Iṣu ogójì, epo garawa kan àti owó ẹran la fẹ́ kó fún ìyá ilé kó tó di ọjọ́ ọdún, ọwọ́ wọn ni ká fi lé, kì í ṣe ọwọ́ ọkọ. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa dá sí i, kó rí akápò kí oṣù karùn-ún tó parí. Èmi á gbé ìgbálẹ̀ tèmi dání.