Ọ̀dà Ni Mo Fi Mọ Ọkọ̀: Ìkọ́ṣẹ́ Fọ́tò ní Èbúté Southampton

Mítà 345 ni gígùn ọkọ̀ Queen Mary 2. Tí a bá wọ̀n ọ́n láti ìdí rẹ̀ tó rì sínú omi dé ṣóńṣó òpó èéfín rẹ̀, mítà 72 ni. Nígbà tó bá gúnlẹ̀ sí èbúté Southampton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó dúró nítòsí rẹ̀ kò lè rí ọkọ̀ mọ́, ògiri irin dúdú ni yóò máa wò. Ẹni tó sì sún sẹ́yìn kí gbogbo rẹ̀ lè wọ inú kámẹ́rà yóò rí i pé títóbi náà kò tẹ̀ lé òun dé inú fọ́tò. Láàárín ibi méjèèjì yìí ni iṣẹ́ tí mo kọ́ wà.

Bàbá tó kọ́ mi ti ṣiṣẹ́ orí ọkọ̀ kí wọ́n tó di ayafọ́tò. Ọmọ Èkó ni wọ́n, ìgbà èwe wọn ni wọ́n sì fi ń kun ọ̀dà lórí Aureol, ọkọ̀ akérò ilé-iṣẹ́ Elder Dempster. Ọ̀pọ̀ ìdílé nílẹ̀ Yorùbá ló mọ orúkọ yẹn dáadáa. Glasgow ni wọ́n ti kàn án, ní 1951 ló sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òun ló ń gbé akẹ́kọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìjọba lọ, tó sì ń gbé wọn bọ̀, láàárín Liverpool àti Èkó. Ní 1972 ni wọ́n gbé ibùdó rẹ̀ wá sí Southampton, ní 1974 ìrìn náà sì dópin. Ara rẹ̀ funfun, òpó èéfín rẹ̀ sì ní àwọ̀ ìyeyè.

Bàbá sọ fún mi pé, “Ọkọ̀ funfun kò mọ irọ́ pa. Bó bá dógùn-ún láàárọ̀, gbogbo èbúté ti rí i kó tó di ọ̀sán. Àwa la máa ń gun okùn lọ nù ún lójú.”

Ibi ìdúró ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ mi. Èbúté ńlá kò ṣeé wọ̀ bí ọjà. Láti 2004 tí òfin àgbáyé lórí ààbò èbúté ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọgbà irin àti ẹ̀ṣọ́ ló yí ibi tí ọkọ̀ ń sùn ká, ìta ni ayafọ́tò tí kò gba àṣẹ yóò ti ṣe tirẹ̀. Mayflower Park wà fún ẹni tó fẹ́ súnmọ́ ọkọ̀ tó bá gúnlẹ̀ lápá ibẹ̀. Hythe wà ní òdìkejì omi fún ẹni tó fẹ́ rí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ láti iwájú dé ìdí. Láàárọ̀, oòrùn máa ń yọ láti ẹ̀yìn èbúté, ọkọ̀ á wá di òjìji lójú ẹni tó dúró ní Hythe. Lẹ́yìn ọ̀sán ni ìmọ́lẹ̀ máa ń bọ́ sí ara ọkọ̀ láti apá ibi tí ayafọ́tò wà. Bàbá kì í lọ sí Hythe kí aago méjì tó lù.

Omi náà ní tirẹ̀. Bí omi Southampton bá kún, ó máa ń pẹ́ kó tó fà, nítorí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún lẹ́ẹ̀mejì léra wọn. Bí omi bá ti fà, ọkọ̀ á sọ̀ kalẹ̀, etí èbúté á sì bo apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún ẹni tó wà lórí ilẹ̀. Bí ó bá kún, ọkọ̀ á gòkè, ibi tí àwọn tó ń kun ọkọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ á wá hàn gbangba. Nítorí náà, ìwé àkókò omi la máa ń yẹ̀ wò kí a tó yẹ ojú ọjọ́ wò.

Dúdú ni ìsàlẹ̀ Queen Mary 2, funfun ni òkè rẹ̀, pupa ni òpó èéfín. Kò sí àwọ̀ mẹ́ta tó lè yọ kámẹ́rà lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí dúdú bá gba ojú àwòrán, kámẹ́rà á rò pé ilẹ̀ ti ṣú, á fi ìmọ́lẹ̀ kún un, gbogbo fèrèsé àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè á sì jó di funfun gbà. Mo kọ́ láti wọn ìmọ́lẹ̀ lórí funfun, kí n jẹ́ kí dúdú ṣókùnkùn díẹ̀, kí n wá fi kọ̀ǹpútà gbé e sókè nílé. Ohun tó ṣókùnkùn ṣì ní nǹkan nínú. Funfun tó bá ti jó kò ṣeé jí mọ́. Ọjọ́ tí àwọsánmà fẹ́lẹ́ bá bo oòrùn ló dára jù fún mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń dúró de ojú ọ̀run aláwọ̀ aró.

Síbẹ̀, gbogbo ìyẹn ṣì jẹ́ ìmọ̀ kámẹ́rà. Ẹ̀kọ́ gan-an wà nínú ìbéèrè kan tí Bàbá kì í gbàgbé láti bi mí kí n tó tẹ kámẹ́rà: “Kí ni wọ́n ń ṣe lára rẹ̀ lónìí?”

Awò ajìnnà ni mo fi ń wá ìdáhùn. Mo wo ihò tí ẹ̀wọ̀n ìdákọ̀ró ń gbà jáde, mo rí omijé pupa tó ń ṣàn wálẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Mo wo ibi tí omi orí ọkọ̀ ń gbà dà sóde, ọ̀nà pupa náà wà níbẹ̀. Ibi méjèèjì yìí ni ìpáàrà máa ń kọ́kọ́ hàn, nítorí pé ẹ̀wọ̀n a máa họ ọ̀dà kúrò, omi iyọ̀ kì í sì í fi ibẹ̀ sílẹ̀. Bàbá ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún mi bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì rántí. Wọ́n á fi òòlù àti búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpáàrà náà títí irin á fi mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi omi tí kò níyọ̀ fọ̀ ọ́. Ìfọ̀ yìí ni Bàbá tẹnu mọ́ jù, nítorí pé ọ̀dà tí a bá kùn lé iyọ̀ lórí, láìpẹ́ ni yóò wú tí yóò sì bó. Wọ́n á wá kun ọ̀dà ìdíwọ́ ìpáàrà, dúdú á gbẹ̀yìn.

Àárọ̀ kùtù ni ọkọ̀ náà sábà máa ń dé, ìrọ̀lẹ́ ló sì máa ń lọ. Láàárín wákàtí wọ̀nyẹn, ẹrù ń wọlé, epo ń wọlé, wọ́n ń sọ ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà kalẹ̀ dán wò, àwọn kan ń fọ fèrèsé, àwọn kan wà lórí pèpéle tó léfòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, tí wọ́n ń fi rólà tó ní ọ̀pá gígùn kun ara rẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti rí ojútùú ọ̀rọ̀ títóbi. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ olómi-ọsàn, tó gbé ọ̀pá gígùn sókè tí kò sì dé ìdá mẹ́wàá ògiri tó wà níwájú rẹ̀, sọ bí ọkọ̀ náà ṣe tó ju àwòrán mìíràn tí mo lè yà láti Hythe lọ. Mo wá ń fi lẹ́ńsì gígùn wá èèyàn kiri lára ọkọ̀.

Nígbà tí oòrùn bá rẹlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ dúdú yẹn kì í dúdú bákan náà. Àbùlẹ̀ onígun mẹ́rin máa ń yọ lára rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ń dán, èyí tó ti pẹ́ ti ṣá. Láti oṣù kìíní 2004 tí Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ti sọ ọkọ̀ náà lórúkọ ní Southampton níbí, òkun Àtìláńtíìkì ló ń ná an. Stephen Payne tó ya àwòrán ìkànkọ̀ rẹ̀ mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí: ó jẹ́ kí irin rẹ̀ nípọn ju ti ọkọ̀ ìgbafẹ́ lásán lọ, ó fún un ní iwájú gígùn tó lè la ìgbì, ó sì gbé àwọn ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà sókè jìnnà sí omi. Lójú mi, àwọn àbùlẹ̀ wọ̀nyẹn lẹ́wà ju òpó èéfín pupa tí gbogbo ayé ń yà lọ. Ọwọ́ èèyàn ló wà níbẹ̀.

Fọ́tò alẹ́ kò gbà mí lákòókò púpọ̀. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ọkọ̀ tí a fi okùn so kò dúró sójú kan. Ó ń mì díẹ̀díẹ̀, bí kámẹ́rà bá sì lajú pẹ́ jù, iná orí rẹ̀ á di méjì méjì bí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tilẹ̀ dúró gbọn-in.

Bàbá ní kí n ní ìwé kan. Sí abẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan ni mo ń kọ ọjọ́, ibi tí ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí, bí omi ṣe kún tó, àti ibi tí wọ́n ń kùn. Bí mo bá to àwòrán ihò ìdákọ̀ró kan náà tẹ̀ léra, mo lè rí i bí pupa ṣe ń padà, tí wọ́n sì tún ń lé e lọ.

Ohun tí èbúté kò lè fi hàn mí ni ìsàlẹ̀ omi. Níbẹ̀ ni ẹ̀rọ mẹ́rin tó ń ti ọkọ̀ náà wà. Méjì nínú wọn ń yí káàkiri, òun ni ọkọ̀ náà kò fi nílò ìtọ́kọ̀. Níbẹ̀ náà ni àwọn ẹ̀dá oníkarawun kéékèèké ti máa ń lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀, tí wọ́n á dín ìrìn rẹ̀ kù, tí epo tó ń jó á sì pọ̀ sí i. Ibi tí wọ́n ti lè fa omi gbẹ lábẹ́ ọkọ̀ nìkan ni a ti lè rí wọn, irú èyí tó lọ ní Hamburg ní Jámánì nígbà àtúnṣe ńlá ti 2016. Mo ti kọ̀wé béèrè àyè láti wọlé nígbà tí ọkọ̀ yìí bá tún gorí ilẹ̀ gbígbẹ. Bàbá ti sọ ohun tí mo máa kọ́kọ́ yà fún mi: àwọn tí wọ́n ń fi omi alágbára fọ ìdí rẹ̀, kí wọ́n tó fọ̀ ọ́ tán.