Ilé Amọ̀ ní Sámóńdà

Ẹni tí ó bá ń wá yunifásítì tí ẹgbẹ́ àwọn fadá dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn, Sámóńdà ni a ó júwe fún un. Kì í ṣe ti àwọn Jésúìtì, tí Ignatius ará Loyola dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní 1540. Orúkọ Loyola wà ní Ìbàdàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ girama tí Ìjọ Àgùdà dá sílẹ̀ ní 1954 ni ó ń jẹ́ ẹ. Àwọn ọmọlẹ́yìn Dominic ni ó ni ti Sámóńdà. Oníwàásù ni wọ́n láti 1216, wọ́n sì gbà pé ẹni tí yóò wàásù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kàwé. Ní 1993 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ àti ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run; ní 2016 ìjọba gbà á láyè láti di yunifásítì.

Ohun tí ó wù mí jù níbẹ̀ ti wà kí yunifásítì tó dé. Demas Nwoko ni àwọn fadá gbé iṣẹ́ ilé ìsìn wọn fún, a sì parí rẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1970. Ayàwòrán ni Nwoko, ó kẹ́kọ̀ọ́ ọnà ní Zaria, ó sì ń kọ́ni ní ẹ̀ka eré orí-ìtàgé ní Yunifásítì Ìbàdàn. Kò kàwé gboyè nínú yíya àwòrán ilé, ìyẹn ni mo fi ń yin ìgboyà àwọn fadá wọ̀nyẹn. Amọ̀ pupa tí a pò mọ́ sìmẹ́ńtì ni a mọ̀ ọ́n mọ́. Ní 2023, Venice ní Ítálì fi ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà dá a lọ́lá fún iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀.

Ẹ wá gba Ọ̀jọ́ọ̀ kọjá sí Mọ́níyà, kí ẹ yà sí àwọn abúlé Akínyẹlé, tàbí kí ẹ lọ sí Lágelú. Ọmọ tí ó bá rí owó díẹ̀, ilé amọ̀ bàbá rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wó, yóò sì to búlọ́ọ̀kù sí ojú rẹ̀. N kò bá a wí. Òjò a máa jẹ ìdí ògiri, ta ni yóò sì máa rẹ́ ẹ lọ́dọọdún nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ti wọ ìgboro? Ṣùgbọ́n ó dùn mí pé ohun tí abúlé ń wó bí àmì ìṣẹ́ ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń rìn wá wò ní Sámóńdà.

Ọ̀ràn mìíràn tún wà. Ìjọba kì í fún yunifásítì aládàáni ní owó ìtọ́jú. Owó àwọn òbí ni ó ń gbé e ró. Ètò ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2024, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ni ó wà fún. Ọmọ àgbẹ̀ Akínyẹlé tí ó mọ amọ̀ í pò láti kékeré kò lè yá owó wọ ibẹ̀. Ọkọ̀ tí ó ń gbé gàrí ìyá rẹ̀ láti Mọ́níyà lọ sí Sáńgo sì ń gba Sámóńdà kọjá.