Ẹ kó àwọn ọmọ gun òkè

Ẹ̀yin òbí tó ń gbé ní Padua àti Turin, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí. Ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, iṣẹ́ la ń lé kiri. Bó bá di òpin ọ̀sẹ̀, fóònù ni àwọn ọmọ ń tẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bẹ́ẹ̀, òkè kò jìnnà sí wa.

Colli Euganei wà nítòsí Padua. Monte Venda, tó ga jù níbẹ̀, jẹ́ 601 mítà péré. Nígbà tí ewé ń wọ́, ọmọbìnrin mi rí èso castagna lójú ọ̀nà. Èèpo rẹ̀ kún fún ẹ̀gún bí ara òòrẹ̀. Ó fi igi kékeré là á, ó ní, "Mọ́mì, ẹ wá wò ó!" Ojú rẹ̀ ń dán. Kò béèrè fóònù lọ́jọ́ náà.

Ní Turin, òkè Superga ń dúró dè yín. Láti ọdún 1884 ni ọ̀nà irin ti wà láti Sassi dé òkè náà. Bí ojú ọjọ́ bá mọ́, ẹ ó rí yìnyín lórí òkè Alps.

Òkè kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Abẹ́ àpáta Olúmọ ni Ẹ̀gbá sá sí. Orí òkè ni àwọn ará Ìdànrè gbé rí. Bí ẹ bá ń gòkè, ẹ sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ.

Ẹ di móínmóín, ẹ gbé omi, ẹ wọ bàtà tó dúró dáadáa. Ọmọdé kì í pẹ́ dàgbà.