Àgbẹ̀ Tí Ó Mọ Iná

Bí ọyẹ́ bá dé sí Òtu ní Òkè-Ògùn, tí koríko ọ̀dàn gbẹ, àgbẹ̀ tí ó bá fẹ́ sun oko rẹ̀ a kọ́kọ́ ro etí rẹ̀ yíká. Kì í ṣe ojo ni ó mú un ṣe bẹ́ẹ̀. Ó mọ iná ni.

Ọgbọ́n kan náà ni ọmọ Òtu tí ó bá wọ Yunifásítì yóò bá nínú yàrá ìwádìí. A ó ní kí ó wọ àwọ̀lékè olówùú, kí ó fi awò bo ojú, kí ó má sì jẹun níbẹ̀. Bí yóò bá po ásíìdì líle mọ́ omi, ásíìdì ni yóò máa dà sínú omi díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá da omi lé ásíìdì, ó lè hó lójijì, kí ó sì ta sí i lójú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá, ọdún 2008, Sheri Sangji, ẹni ọdún 23, ń fi síríńjì fa kẹ́míkà kan ní Yunifásítì California ní Los Angeles. Kẹ́míkà náà a máa gbiná bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án. Síríńjì yà, iná mú aṣọ rẹ̀. Kò sì wọ àwọ̀lékè. Lẹ́yìn ọjọ́ 18 ó kú.

Àwọ̀lékè kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ láti wọ̀. Ẹni tí ó bá ro etí oko kí ó tó dáná ni yóò rí oko gbìn.