Eégbọn Kì Í Ṣe Ti Ajá Nìkan

Ẹ̀yin ará wa ní Maryland, ìgbafẹ́ ọdọọdún wa ti ń bọ̀. Kí a tó gbé ìkòkò dé abẹ́ igi, mo ní ọ̀rọ̀ kan nípa eégbọn.

Lálẹ́ ọjọ́ ìgbafẹ́ èṣí, mo ń wẹ àbíkẹ́yìn mi lọ́wọ́ nígbà tí mo rí nǹkan dúdú kan lẹ́yìn orúnkún rẹ̀. Mo fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́, kò lọ. Mo tẹjú mọ́ ọn: ó lẹ́sẹ̀! Kò tó hóró yànmọ̀tí. Ìyá mi, tí wọ́n wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, ní kí n kán kẹrosíìnì sí i, bí a ti ń ṣe fún ajá wa nílé. Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fà á yọ." Bí a bá fi kẹrosíìnì tàbí iná dà á láàmú, ó lè pọ àrùn inú rẹ̀ sára ọmọ. Ẹ̀mú kékeré tí mo fi ń tu irun ojú ni mo fi gbá a mú níbi tí ẹnu rẹ̀ ti wọ ara, mo fà á sókè tààrà, n kò lọ́ ọ. Mo fi ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀, mo sì kọ déètì sára kàlẹ́ńdà.

Àrùn Lyme là ń sá fún. Eégbọn sábà máa ń so ju wákàtí 24 lọ kó tó kó o ranni, nítorí náà ẹ tú ara ọmọ wò lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an: abíyá, ẹ̀yìn etí, abẹ́ irun dídì. Bó bá ti pẹ́ lára, ẹ rí dókítà láàárín wákàtí 72 tí ẹ yọ ọ́. Oògùn ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lè tó láti dènà àrùn náà.

Bí àrùn náà bá ranni, ara lè sú láàárín ọjọ́ 3 sí 30 lẹ́yìn tí eégbọn bá géni jẹ. Òrùka pupa tí wọ́n sábà ń yà sínú ìwé ìléwọ́, ara òyìnbó ni wọ́n yà á sí. Lára tiwa, ó lè má pọ́n rárá. Ó lè dúdú bí ibi tí èèyàn fi gbá tábìlì, tí yóò máa fẹ̀ sí i. Bí ara bá sì gbóná, ẹ má lọ tú àpótí wá oògùn ibà tí ẹ kó bọ̀ láti ilé. Ẹ sọ fún dókítà pé eégbọn so mọ́ yín, kí ẹ sì dárúkọ ọjọ́ náà.

Lẹ́yìn tí mo yọ eégbọn ara ọmọ mi, Màámi gba báírò, wọ́n fi yí ojú ibẹ̀ ká. Láràárọ̀ fún odindi oṣù kan, wọ́n á wọ awò ojú, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ wò ó, wọ́n á ké sí mi ní kíṣínì: "Kò tíì kọjá ìlà o!"