Iná Tó Ń Tan Ara Rẹ̀

Kí wọ́n tó ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978, ọ̀nà Ìkòròdú tó gba Ṣàgámù kọjá ni àwa ọmọ Rẹ́mọ mọ̀. Lálẹ́, bí Morris Minor àwọn bàbá wa bá pàdé ọkọ̀ akóbì tó ń ti Sábó Ṣàgámù bọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ fi iná kí ara wọn. Ẹni ibí á fi ẹsẹ̀ òsì tẹ bọ́tìnnì nílẹ̀ ọkọ̀, iná á rẹlẹ̀. Ẹni ọ̀hún náà á dímù. Ẹni tí kò bá dímù, wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé.

Ọ̀pọ̀ tókunbọ̀ tí à ń wà lónìí ti ní ojú tirẹ̀. Nínú àwọn kan, ojú kékeré náà wà lára gíláàsì iwájú, lẹ́yìn díńgí. Ìmọ́lẹ̀ ló ń wọ̀n. Bí a bá ti yí iná sí auto, ilẹ̀ ṣú, á tàn. Ilẹ̀ mọ́, á kú. Ìtura gidi ni fún àwa tí ojú wa ti ń ṣe bàìbàì, nítorí ilẹ̀ wa kì í pẹ́ ṣú: oòrùn wọ̀ báyìí, òkùnkùn dé báyìí.

N kò ní parọ́ mọ́ àtijọ́. Lọ́rì olójú kan pọ̀ nígbà náà. A ó rò pé alùpùpù ló ń bọ̀, a ó fún un láyè alùpùpù, lọ́rì ni yóò yọ. Àwọn mìíràn a sì máa paná bí òṣùpá bá yọ, kí bátìrì má baà kú. Àwọn kan wà tí a dúró dè títí, tí wọn kò délé.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọyẹ́. Láàárọ̀ oṣù kìíní, láàárín Ìkẹ́nnẹ́ àti Ìlíṣàn, eruku funfun a bo ọ̀nà. Ojú ọkọ̀ rí funfun, ó pè é ní ọ̀sán, kò tan iná. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, iná ọ̀sán tó wà níwájú nìkan ló ń tàn. Ẹ̀yìn ṣókùnkùn, tírélà sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọkọ̀ mọ ìgbà tí ilẹ̀ ṣú. Kò mọ ìgbà tó yẹ kí ẹlòmíràn rí wa. Lálẹ́ ẹ̀wẹ̀, ọ̀pọ̀ auto tó ń tan iná kì í báni dímù. Àwọn ọmọ wa kò mọ̀ pé ọwọ́ àwọn ni dídímù kù sí. Àwa ni a kò kọ́ wọn.

Lásìkò ọyẹ́ tó kọjá, ọmọbìnrin mi ló ń wa ọkọ̀ gbé mi lọ sí Ìkẹ́nnẹ́. Mo ní kó tan iná.

“Dádì, ẹ má ṣèyọnu, ó wà lórí auto.”

“Mo mọ̀. Tàn án, ọmọ mi.”

Ó tàn án. Ọlọ́kadà kan tí a kò tíì rí nínú eruku yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó sì nawọ́ sókè kí wa.