Lámilámi Etí Odò Ìdànrè

Bí a bá dárúkọ Ìdànrè, òkè ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ẹni. Àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 ni àlejò yóò gùn kí ó tó dé ìlú àtijọ́ tí àwọn ará Ìdànrè ṣí kúrò ní nǹkan bí ọdún 1923, níbi tí ààfin Ọwá àtijọ́ wà. Láti ọdún 2007 ni orúkọ òkè náà ti wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé. Èyí ni gbogbo ènìyàn ń ròyìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lọ síbẹ̀ lẹ́yìn àkọ́rọ̀ òjò, ohun kan tí kò ju ìka ọmọdé lọ ni ó gba ojú mi: lámilámi.

Lẹ́sẹ̀ òkè, omi tí ó ń ṣẹ́ láti inú pàlàpálá àpáta a máa kó ara rẹ̀ jọ di odò tóóró. Níbi tí oòrùn ti ń pa á, mo rí lámilámi tẹ́ẹ́rẹ́ kan lórí koríko, ara rẹ̀ pọ́n bí epo, ojú rẹ̀ tutù bí ewé. Ceriagrion glabrum ni àwọn onímọ̀ ń pè é, ó sì wọ́pọ̀ káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà níhà gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà. Lámilámi ńlá tí a mọ̀ jù a máa na ìyẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọọrọ bí ti bàálù bí ó bá bà. Ti èyí kò rí bẹ́ẹ̀; ńṣe ni ó ń pa ìyẹ́ tirẹ̀ pọ̀ sẹ́yìn, bí ẹni ká aṣọ.

Inú ewéko tí ó wà nínú omi ni abo rẹ̀ ń yé ẹyin sí. Ọmọ tí ó bá jáde kò ní ìyẹ́. Ìsàlẹ̀ omi ni ó ń gbé, ohun mẹ́ta tí ó rí bí ewé ní ìdí rẹ̀ ni ó sì fi ń mí. Ìdin ẹ̀fọn wà lára oúnjẹ rẹ̀. Bí ó bá dàgbà tó, yóò gun koríko jáde, awọ ẹ̀yìn rẹ̀ yóò là, lámilámi yóò sì fò jáde láti máa lépa àwọn ẹ̀fọn tí ó ti di àgbà. Ẹ̀yin òbí tí ibà ti dá lóru rí nítorí ọmọ, ẹ ó mọ̀ pé ọ̀rẹ́ ilé wa ni kòkòrò yìí.

Mo tẹ̀ lé odò náà wọ abẹ́ igi kòkó, níbi tí òjìji ti ṣú. Irú àwọn lámilámi mìíràn ni mo bá níbẹ̀: wọ́n dúdú, wọ́n gùn, ìyẹ́ wọn sì ń dán yinrin. Àwọn wọ̀nyí kì í sábà jáde sí oòrùn. Pupa etí koríko nì lè fara da adágún gbígbóná àti omi tí kò mọ́ tó. Àwọn ará abẹ́ òjìji kò lè fara dà á. Bí a bá gé igi etí odò, tàbí tí májèlé bá wọ omi, àwọn ni wọn yóò kọ́kọ́ lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìlera odò, kí ó má ka iye lámilámi. Irú wọn ni kí ó kà.

Ìlú kòkó ni Ìdànrè, kòkó sì ń fẹ́ oògùn kí ó má baà jẹrà, kí kòkòrò má sì jẹ ẹ́ run. Àwọn àgbẹ̀ àgbà kò gbàgbé Gammalin, tí àwọn kan tilẹ̀ ń dà sódò láti fi pa ẹja. Lindane ni ó wà nínú rẹ̀, èyí tí àdéhùn Stockholm kà mọ́ ohun tí ayé gbọ́dọ̀ pa tì lóko ní ọdún 2009.

Mo bá bàbá àgbẹ̀ kan nínú oko kòkó, mo sì kí i.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá.”

“Ooo, kú ìrìn, ọmọ mi.”

Mo béèrè ibi tí wọ́n ń fọ páǹpù sí lẹ́yìn tí wọ́n bá fín oògùn tán. Wọ́n nawọ́ sí ọ̀gangan oko.

“Omi tí mo bá fi ṣan páǹpù, ara kòkó náà ni mo ń fín in sí, lọ́nà jíjìn sódò. Ìyá àwọn ọmọ mi ló ń pọn odò yìí. Àwọn kan ń fọ tiwọn síbẹ̀ nítorí pé kò jìnnà. Àwọn ará ìsàlẹ̀ ló ń mu ún.”

Kì í ṣe lámilámi nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà tí ó jẹ́ pé àyíká Ìdànrè ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n, Sclerophrys perreti, tí Arne Schiøtz kọ ìròyìn rẹ̀ ní ọdún 1963. Lórí àpáta tí omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń ṣàn kọjá ni légbénlègbé rẹ̀ ń gbé. Ó lé ní ogójì ọdún tí àwọn onímọ̀ kò fi rí i mọ́, àfi ìgbà tí wọ́n tún bá a pàdé ní ọdún 2013. Omi tí ó tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ kò lè gba májèlé kankan mọ́ra.

Àwọn àgbà ní ẹnikẹ́ni kì í bá omi ṣọ̀tá, nítorí òun la ń mu, òun la fi ń wẹ̀. Bí ẹ bá kó àwọn ọmọ lọ sí Ìdànrè, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àtẹ̀gùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó sí etí omi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí wọ́n ka irú lámilámi tí wọ́n bá rí. Bí irú wọn bá tilẹ̀ pọ̀, ẹ ṣì se omi kí ẹ tó mu ún. Ọ̀rá omi tí ẹ bá sì gbé wá, ẹ gbé e padà lọ.